Ohùn Tí Mo Fi Polówó Ẹkùn

Ṣọ́ọ̀bù mi, Ìgàndò,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àílà.

Ṣẹrifá mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo fi èjìká gbé lọ sílé kéwú,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà kí ọ, torí láti ọjọ́ Sátidé tí o ti wọ mọ́tò lọ sí Àbújá, kò sẹ́ni tó ń kó àkísà ìdí rẹ̀ mọ́. Ìwọ lo máa ń kó wọn. O ní o fẹ́ fi rán aṣọ fún ewúrẹ́. Mo rò pé o ń fi mí ṣeré ni, mi ò mọ̀ pé ewúrẹ́ náà máa wọ̀ ọ́ lóòótọ́.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ìṣẹ́jú méjì ti tó: ṣé o ti jẹun, ṣé ara le, ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹkún lè gba ẹnu mi, bí mo bá sì dákẹ́, yóò pẹ́ jù. Ìyá rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ pa gbogbo fídíò rẹ rẹ́ kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè tí o máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní o sọ fún òun pé, "Bàbá mi fúnra wọn ò fẹ́ rí i sójú. Ṣé àwọn ará ọ́fíìsì ló máa wá fẹ́ràn ẹ̀?"

Mo bẹ̀ ọ́, má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ka lẹ́tà yìí tán ná. Kàmọ́rù ọ̀rẹ́ rẹ ló máa ya á ní fọ́tò ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí ìwé náà ò bá hàn dáadáa, òun ni kí o bínú sí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìkòtún.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo lọ ra síìpù àti òwú lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ohun èlò ìránṣọ nítòsí ráńdábáòtù. Mo bá òun àti àwọn oníbàárà rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n tẹ orí ba fóònù kan. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Mo ti fẹ́ bínú kí n tó gbọ́ ohùn kan nínú fóònù náà:

"Fìlà kan... Bàbá kan... Àti ewúrẹ́ kan... tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni."

Ìlù ńlá dún. Èéfín bo gbogbo ojú fóònù. Láti inú èéfín yẹn, ewúrẹ́ Ìyá Sàdíà, aládùúgbò wa, rọra ń bọ̀, fìlà wà lẹ́nu rẹ̀, aṣọ tí o fi àkísà mi rán ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fo gọ́tà, ó sì dúró nínú afẹ́fẹ́ lókè, kò tètè balẹ̀, bí ẹni pé ó ń ronú ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Kàmọ́rù ń lé e bọ̀, ó kọlu àtẹ oníṣu, iṣu ń yí gbirigbiri káàkiri. Òjò dé. Ohùn náà tún ní, "Wọ́n lè lé e. Wọn ò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀." Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Ohun tó wá yọ níkẹyìn ni ìwé àwòrán kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kà fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: Ewúrẹ́ Tó Gbé Fìlà. Ojú ìwé mẹ́rìnlá péré.

Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ń nu omijé, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé náà. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ "Subhánálláhì" lábẹ́nu. Ohùn Kàmọ́rù ni mo gbọ́, ohùn tó tín-ín-rín bí òwú, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo ni ín.

Ṣé o rántí? O ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, èmi àti ìwọ àti ìwé yẹn. Èmi ò mọ bí olùkọ́ ṣe ń kàwé fún ọmọ. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo ṣe ń kà á: màá ní "Ewúrẹ́", màá dákẹ́, màá wo ọ̀tún, màá wo òsì, kí n tó wá sọ pé "kan". O máa ń dì mọ́ apá mi, o ò ní mí títí n ó fi sọ ọ́. Mo rò pé o ti gbàgbé. Ọmọ mi, o ò gbàgbé ìdákẹ́ kan ṣoṣo! O tún fi èéfín sí i, o fi ìlù sí i, ó sì di ohun tí àwọn àgbàlagbà ń dúró gbọ́ ní Ìkòtún.

Mo bi obìnrin náà pé, "Ta ló ṣe é?"

Ó ní, "Ọmọbìnrin Ìgàndò kan ni o, bàbá. Orí ọmọ yẹn pé jàre! Ẹ̀yin náà kì í ṣará ibẹ̀ ni? Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣá."

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo san owó síìpù, mo gbàgbé òwú síbẹ̀. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu, torí ọmọ tí mo lé ìbéèrè rẹ̀ padà ló ń fi àrà mi dárà. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ, Ṣẹrifá. Nígbà tí o wá bá mi pé, "Bàbá mi, ohùn Kàmọ́rù ò tó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ ọ́," tí mo jágbe pé, "Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kiri àdúgbò?", kì í ṣe ìwọ ni mo ń bá wí. O wolẹ̀, o ní kí n má bínú. Èmi ló yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi, kí o sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Èkíní: má ṣe polówó ohun tí kò sí nínú àpò.

Kí n tó kọ́ṣẹ́ télọ̀, mọ́tò ìpolówó fíìmù ni mo ń bá kiri. Mi ò sọ fún ọ rí. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀. Nígbà náà, àwọn kan máa ń gbé fíìmù wá sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkòtún lọ́jọ́ Sátidé, a ó ti fi pikọ́ọ̀bù kan polówó rẹ̀ láti àárọ̀. Gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú máíkì. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Bí mo bá ti la ẹnu, àwọn tó ń lọ ata á dáwọ́ dúró, ẹni tó wà ní balùwẹ̀ á yọ orí síta. Ohùn mi dùn mọ́ mi nínú ju oúnjẹ lọ, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé fíìmù kan dé tí èmi ò tíì wò. Wọ́n ní ọkùnrin kan máa di ẹkùn nínú rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn kéré. Láti Ìgàndò dé Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ń pariwo pé, "Ẹkùn! Ẹkùn gidi! Ẹ ó rí irun tó ń hù lára rẹ̀! Ẹ ó rí èékánná tó ń yọ! Ẹni tó bá ní àyà jíjá kó má wá o!" Kò sẹ́ni tó rán mi ní ìdajì ohun tí mo sọ. Ẹnu mi ló ń dùn mọ́ mi.

Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Ṣáṣá nígbà náà. Wọn ò wo fíìmù rí láyé wọn. Ọjọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ mi nígbà tí mọ́tò kọjá, wọ́n palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n sì kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta wá sí gbọ̀ngàn, Ìyá Sàdíà aládùúgbò wa yìí wà nínú wọn. Mo rí wọn ní ìlà iwájú, gèlè wọn funfun, wọ́n jókòó bí ẹni tó wá síbi wáàsí. Inú mi dùn. Mo ń nawọ́ sí wọn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Ẹkùn dé. Aṣọ alámì tó-tò-tó ni wọ́n da bo ọkùnrin kan lórí, ó ń rákòrò lórí ilẹ̀, ìrù rẹ̀ sì jẹ́ okùn. Okùn, Ṣẹrifá! Gbogbo gbọ̀ngàn rí kókó tí wọ́n ta sí i. Kò tó kí èèyàn mí ẹ̀ẹ̀mejì tó fi tán. Ariwo ta, wọ́n ń bú wa, wọ́n ń ju èèpo ẹ̀pà. Màmá mi ò pariwo. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà níbi tí mo wà, wọ́n ní, "Rájí, ohùn ẹ ni mo tẹ̀ lé wá. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í purọ́."

Mo ní, "Màmá, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn."

Wọ́n ní, "Ó dáa."

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni àwọn ará ọjà ti ń pe Màmá mi ní Ìyá Ẹlẹ́kùn ní Ṣáṣá. Ìyá Sàdíà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ń pè é títí ọjọ́ ikú Màmá mi. Ìwọ náà bá orúkọ yẹn láyé, o rò pé oríkì ni, o máa ń fi yangàn nílé ìwé pé ìyá bàbá rẹ pa ẹkùn rí. Bí o bá sì ti bi mí bí wọ́n ṣe jẹ́ orúkọ náà, mo máa ń ní kí o lọ fọ abọ́. Màmá mi ń jẹ́ orúkọ náà pẹ̀lú ẹ̀rín, wọn ò sì fi bú mi lọ́jọ́ kan. Èyí ló dùn mí jù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo búra pé mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ sínú máíkì mọ́ láyé mi, mo sì pa á mọ́ fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé nìkan ni ohùn náà ti máa ń yọ́ jáde, fún ìwọ nìkan.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo ti Ìkòtún dé, mo fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, mo yọ ìwé yẹn. O rò pé ó ti sọnù. Ó wà níbẹ̀ lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì àti téépù, mo ti fi ańkárá ṣe èèpo fún un. Mo ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo ń fi fídíò rẹ wé e lórí fóònù ìyá rẹ. Gọ́tà tí ewúrẹ́ fò, ó wà nínú ìwé. Iṣu tó yí dànù, ó wà níbẹ̀, iṣu mẹ́fà, mẹ́fà náà lo sì lò. Òjò wà níbẹ̀. Kódà èéfín yẹn, mo rí i, ìdáná ìyàwó ilé ni, ní igun ojú ìwé kejì, kékeré báyìí, èmi tí mo ka ìwé náà ju igba ìgbà lọ ò rí i rí. O ò fi ẹyọ irọ́ kan sí i!

Ó tún kù. Ojú ìwé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti bá ewúrẹ́ náà lẹ́yìn ilé tó fi fìlà Bàbá bo ọmọ rẹ̀ lórí kí òjò má bàa pa á, o ò fi hàn rárá. O fi pamọ́ fún ẹni tó bá ṣí ìwé. Ìpolówó tèmi ju fíìmù lọ. Ìwé tìrẹ ju ìpolówó lọ. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mi ò lè rán aṣọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní nǹkan yìí. Èmi tí ó yẹ kí n kọ́ ọ, irọ́ ni mo ń pa nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọlọ́hun tóbi.

Èkejì: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun ọmọdé lò ń ṣe. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo máa ń rán aṣọ ọmọdé ní ìrán kan ṣoṣo, mo ní ọmọdé ṣáà ni. Ọmọ kan wọ tirẹ̀ lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, ó tẹ̀ láti kírun, aṣọ ya láti abíyá dé ìdí. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Ọmọdé ló ń gun igi, àgbà ló ń jókòó. Ta ló yẹ kó o rán aṣọ ẹ̀ kó le jù?" Láti ìgbà náà, ìrán méjì ni mo ń rán aṣọ ọmọdé. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí àwọn ará ọ́fíìsì bá fẹ́ fi ìwé ojú ewé mẹ́rìnlá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lo ṣáà ń wá.

Ẹ̀kẹta: bí iṣẹ́ ò bá tíì parí, sọ pé kò tíì parí. Mo fi iṣẹ́ irọ́ kan sílẹ̀, mo bọ́ sínú òmíràn. O mọ àwa télọ̀, "ó ku bọ́tìnnì nìkan" là ń wí nígbà tí a ò tíì gé aṣọ. Ìyá rẹ ní kí n má fi èyí sínú lẹ́tà, pé àwọn oníbàárà mi lè kà á.

Má fi ewúrẹ́ ẹlòmíràn ṣe fíìmù láìtọrọ àyè. Ìyá Sàdíà ní tàwọn ti ń gbéraga, kò jẹ èèpo iṣu mọ́, ó fẹ́ ewé tútù. Máa jẹun kó o tó jáde. Máa kí ẹni tó ń ṣí géètì fún ọ, ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Máa pe ìyá rẹ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó máa ní òun ò retí rẹ, ṣùgbọ́n fóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé mọ́.

Èyí tó kù ni pé kí o má ṣe bí mo ti ṣe. Mo purọ́ lẹ́ẹ̀kan, dípò kí n lọ máa sọ òótọ́ títí ohùn mi á fi mọ́, mo pa ohùn náà tì. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe rẹ níbẹ̀, tún un ṣe, kí o sì máa bá iṣẹ́ lọ. Má pa ẹnu dé. Má pa fídíò rẹ rẹ́.

Wọ́n ti ń pe ìrun alásárì. Bí mo bá kírun tán, màá ránṣẹ́ pe Kàmọ́rù kó gbé fóònù rẹ̀ wá.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn jímọ̀.

Mo ti sọ ọ́ sínú fóònù Kàmọ́rù, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Kàmọ́rù ní kí n jókòó, mo kọ̀, mi ò lè jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo dìde lẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo ní, "Fìlà kan," mo sì dákẹ́. Ṣẹrifá, ó ṣì wà níbẹ̀! Ó ti le díẹ̀, ó ti wúwo sí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé "tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni," ọlọ́kadà kan ti pa ọ̀kadà rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, oníbúrẹ́dì ti sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀. Kàmọ́rù gbàgbé láti tẹ fóònù dúró. Gbogbo wọn ń wò mí.

Ìyá Sàdíà náà jáde, wọ́n fi ọ̀pá wọn ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. O mọ̀ pé ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn pé.

Wọ́n ní, "Rájí, mo mọ ohùn yìí. Ṣé ewúrẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí ó tún máa jẹ́ bíi tẹkùn yẹn?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ àfi èmi. Mo mú ìwé náà jáde, mo jókòó tì wọ́n, mo ṣí i fún wọn láti ojú ìwé kìíní. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ń fi ìka tọ gbogbo nǹkan. Gọ́tà rè é. Iṣu rè é, wọ́n kà á, mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, wọ́n fi ìka kan ọmọ ewúrẹ́ lábẹ́ fìlà.

Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀." Wọ́n tún ní, "Rájí, ìyá ẹ ì bá tẹ̀ lé ohùn yìí wá."

Mo sunkún níwájú ọlọ́kadà, jàre. Ìyá Sàdíà mú ìwé náà lọ sílé, wọn ò tíì dá a padà, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han ewúrẹ́ àwọn.

Ohùn náà wà lọ́wọ́ Kàmọ́rù, ó ń fi ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Yọ tirẹ̀ kúrò, kí o fi tèmi sí i. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o lè ṣe, fi èyí hàn wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo fẹ́ lọ sí Ìkòtún báyìí. Mo gbàgbé òwú lọ́dọ̀ obìnrin yẹn, mo sì purọ́ fún un lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó bi mí bóyá mo mọ ọmọ tó ṣe fíìmù náà. Màá sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n, pé èmi ni mo bí i, màá sì fi ohùn tí gbogbo ráńdábáòtù máa gbọ́ sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kùn.